Èrè Báńkì Pọ̀ Bí Òjò: Níbo Ni Ó Ti Ń Rọ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Èrè ni obìnrin ń jẹ lábọ̀ ọjà." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ná ọjà tipẹ́ mọ̀ pé èrè ju èrè lọ. Èrè kan wà tí òógùn ojú mú wá. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọjà kàn wọ́n sí i ni, tí ẹni tí ó ní in nílé kò ṣe iṣẹ́ kankan lé e lórí. Láti ìgbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ńláńlá ilẹ̀ Nàìjíríà ti gbé ìṣirò ọdún 2024 wọn jáde, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń pariwo èrè tírílíọ̀nù náírà káàkiri, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ta epo pupa ní Ore, ni ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn tòótọ́.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ó ránṣẹ́ pè mí. Akúrẹ́ ni mo ń gbé. Mo wọ ọkọ̀ gba Oǹdó, a kọjá ní Odigbo, kí oòrùn tó kan àtàrí mo ti dé ìsàlẹ̀ afárá ńlá tí ìjọba Gómìnà Akeredolu kọ́ sí ìkóríta Ore. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá dé ibẹ̀ rí, ìkóríta ni Ore kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Benin àti ilẹ̀ Ìgbò yóò gba ibẹ̀. Ẹni tí ó ń ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa yóò gba ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akérò ti ń dúró kí èrò jẹun. Àwọn àgbà kò sì tíì gbàgbé pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí "Ó le kú, ìjà Ore" fi di ọ̀rọ̀ tí a ń sọ bí nǹkan bá le jù. Owó ń rìn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru: owó kòkó, owó epo, owó gẹdú, owó ọ̀gẹ̀dẹ̀, owó ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé iyán kalẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn tí mo jẹun tán, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Àbúrò mi, ọmọ báńkì kan wá sí ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọ́n ń ta ṣíà. Ó ní èrè tí àwọn jẹ lọ́dún tó kọjá, àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní owó díẹ̀ nílẹ̀. Ṣé kí n rà á?"

Mo mọ ibi tí owó náà ti wá. Oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà Araromi-Obu so dáadáa lọ́dún náà, ó sì bọ́ sí àsìkò tí iye tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé ju dọ́là 12,000 lọ, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbí yóò tún rí bíi ti ìjọ́sí?"

Ẹ̀yin olùkàwé, ẹ̀rín yẹn ni ó gún mi lọ́kàn. Ti ìjọ́sí tí ó ń wí, èmi ni mo fà á. Ní ọdún 2007, ọmọ ọdún mélòó kan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò-owó, mo sì gbà pé mo gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ti kéde ní oṣù Keje ọdún 2004 pé kí ilé ìfowópamọ́ kọ̀ọ̀kan gbé olú-owó rẹ̀ láti ₦2 bílíọ̀nù sí ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ni ó wà kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. 25 ni ó jáde. Gbogbo ayé ń ra ṣíà báńkì. Olùkọ́ ń rà, awakọ̀ ń rà, pásítọ̀ àti àlùfáà ń rà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó kó ₦300,000 tí ó fẹ́ fi ra epo fún mi, kí a fi ra ìpín nínú báńkì kan. Mo ní kí ọdún méjì tó pé, yóò ti di ìlọ́po méjì.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó ju 66,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni ọjà dà wó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, òṣùwọ̀n yẹn kò tó 22,000 mọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún náà, Sanusi Lamido Sanusi tí ó gba ipò lọ́wọ́ Soludo yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kó ₦420 bílíọ̀nù sínú àwọn báńkì wọn kí wọ́n má baà wó lu oníbàárà. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé púpọ̀ nínú èrè tí wọ́n ń kéde, orí ìwé ni ó wà: wọ́n ń yá ènìyàn lówó kí ó fi ra ṣíà, ṣíà ń gbówó lórí nítorí owó tí wọ́n yá a, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní èrè. Nígbà tí ó di ọdún 2011, ìjọba gba báńkì mẹ́ta pátápátá, àwọn tí ó ni ìpín nínú wọn sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Ìpín tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi rà ní ₦14 kò tó ₦2 mọ́. Kò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀ títí di òní, ó fi ń di ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ó tún bi mí, mo pinnu pé n kò ní sọ fún un pé kí ó rà tàbí kí ó má rà. Mo ní kí a jọ ka ìṣirò náà, kí a sì bi í léèrè bí ó ṣe máa ń bi àwọn tí ó ń gbé epo wá láti oko: níbo ni ọjà yìí ti wá?

Mo kọ́kọ́ ka iye rẹ̀ fún un. Èrè tí Zenith Bank jẹ kí ó tó san owó orí ní ọdún 2023 jẹ́ ₦796 bílíọ̀nù. Ní ọdún 2024 ó di ₦1.3 tírílíọ̀nù. GTCO, tí ó ni GTBank, kúrò ní ₦609 bílíọ̀nù, ó bọ́ sí ₦1.27 tírílíọ̀nù. Wema Bank, tí ó kéré sí àwọn wọ̀nyí, gbéra láti ₦43.6 bílíọ̀nù, ó dé ₦102.5 bílíọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń tà?"

Ìbéèrè tí àwọn oníròyìn kì í sábà béèrè nìyẹn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ra kẹ́ẹ̀gì epo 20 ní oṣù Kẹta nígbà tí epo pọ̀, ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦600,000 ni ẹ ná. Ẹ tì í mọ́ yàrá. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, epo wọ́n, kẹ́ẹ̀gì kan di ₦45,000. Ẹ kò tíì ta ẹyọ kan. Èló ni owó yín?"

Kò ronú rárá. "₦900,000."

"Èrè yín ńkọ́?"

"₦300,000. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i o. Bí epo bá tún wálẹ̀ lọ́la, ó ti lọ nìyẹn."

Mo ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn báńkì ní ọdún 2023 gan-an nìyẹn. Dọ́là ni epo tiwọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba tuntun jẹ́ kí náírà wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó jẹ́ bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba ní ìparí ọdún 2022 di bíi ₦907 ní ìparí ọdún 2023. Ó sì di bíi ₦1,535 ní ìparí ọdún 2024. Báńkì tí dọ́là rẹ̀ bá ju gbèsè dọ́là rẹ̀ lọ sùn, ó jí, ó rí i pé òun ti di olówó. Òógùn ojú kankan kò mú un wá. Ohun kan náà tí ó sọ iye àpò ìrẹsì di ìlọ́po lọ́jà Ore ni ó sọ èrè báńkì di ìlọ́po. Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ pín irú èrè yẹn fún onípìn-ín, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ìnáwó ojoojúmọ́. Ní ọdún 2024, àwọn aṣòfin ṣe òfin pé kí ìjọba gba ìdá 70 nínú 100 èrè pàṣípààrọ̀ owó tí ó bá ti wọlé ní tòótọ́.

"Ti 2023 nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "2024 ńkọ́?"

Ti ọdún 2024 yàtọ̀ díẹ̀. Èlé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ọ̀wọ́n gógó ọjà lè rọlẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tí ó fi ń darí ọjà owó sókè láti 18.75 nínú 100 ní oṣù Keje ọdún 2023 dé 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bí òṣùwọ̀n yẹn bá gòkè, èlé tí gbogbo ayé ń san yóò gòkè. Owó tí ó wọlé fún Zenith nìkan láti ara èlé kúrò ní ₦1.1 tírílíọ̀nù, ó di ₦2.7 tírílíọ̀nù láàrin ọdún kan. Ta ni ó san án? Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó yáwó san lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba náà jẹ́ oníbàárà ńlá. Nígbà tí ìjọba bá ń yáwó ọdún kan, tí ó sì ń san èlé tí ó lé ní 20 nínú 100, kí ni yóò gbé báńkì dé ìsọ̀ elépo? Ìjọba kì í sá lọ. Ìjọba kò nílò onídùúró.

Kí n má parọ́ mọ́ báńkì, ọwọ́ tiwọn náà kò tú tán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé bí ènìyàn bá fi ₦100 pamọ́ sí báńkì ńlá kan, kí báńkì náà gbé ₦50 nínú rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ òun, láìsan èlé kankan lórí rẹ̀. Láti ara ìdajì tí ó kù nígbà náà ni báńkì ti ń san owó òṣìṣẹ́, owó díẹ́sẹ̀lì, owó kọ̀ǹpútà, kí ó tó rí èyí tí yóò yá ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí èlé owó yíyá fi ju 30 nínú 100 lọ nígbà náà. Elépo wo ni ó lè san ìyẹn kí ó sì jẹ èrè? Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi kí ó má baà rò pé ìkà ni gbogbo wọn.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ní ọdún 2022, ó lọ sí báńkì tí ó ti ń fi owó pamọ́ sí fún ọdún mọ́kànlá, ó ní kí wọ́n yá òun ní ₦2 mílíọ̀nù kí òun lè fi ra epo kí àsìkò tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá a lóhùn kò ju ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn lọ. Ó ní kí ó mú ìwé ilẹ̀ tí gómìnà buwọ́ lù wá, pẹ̀lú onídùúró méjì tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwé tí ẹbí fi ta ilẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ni ó ní, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìyẹn kò tó. Èkó ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, àwọn kọ́ ni àwọn ń pinnu. Nígbà tí ó tún di oṣù Kejì ọdún 2023, tí owó tuntun kò sí, tí ti àtijọ́ kò sì ṣeé ná, ó dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà báńkì kan náà láti gba owó ara rẹ̀, kò rí i gbà. Ó fi ₦2,000 ra ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS lábẹ́ afárá, kí ó tó rí owó san fún àwọn tí ó gbé epo wá láti Agbabu, nítorí ìyá àgbà oko kì í gba àlàáfọ̀n, ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì fẹ́ rí owó lójú.

"Níbo ni ẹ wá ti rí ₦2 mílíọ̀nù epo yẹn?" ni mo bi í.

"Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni. Ọjọ́ Sátidé ni mo dìde láàrin wọn tí mo sọ ọ́. Ìyá kan ní, 'Ìwọ elépo yìí, o kò jẹ wá ní gbèsè rí.' Ó ti parí nìyẹn. Oṣù mẹ́fà ni mo fi san án tán."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni ọkàn mi ti lọ sí ilé ìfowópamọ́ kan ní òkèèrè tí mo ti kà nípa rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, báńkì kan wà tí ń jẹ́ Handelsbanken. Ọdún 1871 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Stockholm. Ní ọdún 1970, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jan Wallander di ọ̀gá rẹ̀, ó sì yí i padà. Ó gba agbára lọ́wọ́ olú ilé-iṣẹ́, ó gbé e fún ẹ̀ka tí ó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ẹ̀ka ni yóò pinnu ẹni tí a lè yá lówó, nítorí òun ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní òwe kan níbẹ̀: kí ẹ̀ka kan má ṣe òwò kọjá ibi tí ojú lè ká láti orí ilé-ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀. Wallander tún pa ìwé ètò ìnáwó ọdọọdún rẹ́. Kò ní kí báńkì òun tóbi jù lọ, ó ní kí èrè rẹ̀ lórí owó onípìn-ín sàn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, lọ́dọọdún. Nígbà tí àwọn báńkì Sweden ń wó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ìjọba ń gbà wọ́n sílẹ̀, Handelsbanken kò gba owó ìjọba. Ẹni tí ó mọ ẹni tí ó yá lówó kì í sábà ṣubú.

Ayé ń yí lọ́dọ̀ tiwọn náà o. Ní ọdún 2020 wọ́n kéde pé ẹ̀ka àwọn ní Sweden yóò kúrò ní bíi 380, yóò sì di bíi 200, nítorí pé orí fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe òwò báńkì. Ṣùgbọ́n òwe ilé-ìṣọ́ yẹn kò kú. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ohun tí òyìnbó fi di ńlá kò ju ohun tí à ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé lọ?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé àwa náà ti ní irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1945, Olóyè Mathew Adekoya Okupe dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀, nígbà tí àwọn báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1933, àwọn ọmọ Nàìjíríà ti dá National Bank sílẹ̀ nítorí ìdí kan náà. Nígbà tí ó yá, owó tí Ìgbìmọ̀ Ìtajà Ìwọ̀-Oòrùn rí lórí kòkó wọ inú méjèèjì. Ìgbìmọ̀ yẹn gba Agbonmagbe, ní ọdún 1969 wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Wema, tí a yọ láti inú orúkọ ìgbìmọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2005, National Bank náà wọ inú Wema. Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó ni kòkó náà: àwọn àgbẹ̀ Oǹdó, Iléṣà, Ìbàdàn, àti àwọn tí ó ṣán igbó Odigbo. Ìgbìmọ̀ ń ra kòkó wọn ní iye tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ó sì ń pa ìyókù mọ́. Lára owó yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ti jáde, lára rẹ̀ ni Ilé Kòkó ti Ìbàdàn ti jáde, lára rẹ̀ ni báńkì ti jáde. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ná síbi tí ó yẹ. Ìgbìmọ̀ Coker wádìí rẹ̀ ní ọdún 1962, a sì rí i pé òṣèlú ti jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń wá àwọn tí ó ṣe ìpìlẹ̀ báńkì nílẹ̀ Yorùbá, kí a má wò ju oko kòkó lọ.

Wema fúnra rẹ̀ ti jìyà, ó ti jí dìde. Lẹ́yìn wàhálà ọdún 2009, ó fà sẹ́yìn, ó di báńkì ẹkùn kan fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó padà sí gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìparí ọdún 2015. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ó gbé ALAT jáde, báńkì tí ó wà lórí fóònù pátápátá. Ọgbọ́n ńlá ni. Owó tí yóò fi kọ́ ilé ọgọ́rùn-ún, ó fi kọ́ ilé kan tí ó wọ inú àpò gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n fóònù lè gba owó lọ́wọ́ elépo láìjẹ́ pé ó mọ elépo. Ọgbọ́n tí ó kù fún gbogbo àwọn báńkì wa nìyẹn: bí wọn yóò ṣe mọ ẹni tí wọ́n ń gba owó rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń ta ṣíà báyìí, nígbà tí èrè pọ̀ tó báyìí? Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi tí ó kẹ́yìn nìyẹn, ó sì mú ọpọlọ dání. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé àṣẹ kalẹ̀: báńkì tí ó ń ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ₦500 bílíọ̀nù, èyí tí ó wà káàkiri Nàìjíríà ₦200 bílíọ̀nù, ti ẹkùn kan ₦50 bílíọ̀nù, kí oṣù Kẹta ọdún 2026 tó parí. Èrè tí wọ́n ti kó jọ láti ẹ̀yìn kò sí nínú ohun tí Báńkì Àpapọ̀ yóò kà. Owó tí àwọn onípìn-ín fi ra ìpín nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí Wema fi ké sí àwọn onípìn-ín rẹ̀ fún ₦150 bílíọ̀nù ní ọdún 2025, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń ké. Ìdí nìyẹn tí ọmọ báńkì fi dé ìsọ̀ epo.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, a jọ rìn jáde. A gun orí afárá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ tọ́ka: ibi tí wọ́n ti ń já kòkó nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń la pákó nìyẹn, àwọn oní-POS lábẹ́ agboòrùn, àwọn mẹkáníìkì, àwọn alásè tí èrò ọkọ̀ ń jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ó mọ ẹni tí í san gbèsè nínú wọn, ó mọ ẹni tí kì í san. Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé bí báńkì kan bá lè yá ènìyàn lówó dé ibi tí ojú ká láti orí afárá yìí, tí ó sì fi ẹni tí ó mọ̀ wọ́n síbẹ̀ láti pinnu, èrè rẹ̀ kò ní dúró de ìgbà tí náírà bá ṣubú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ní kí ó bi ọmọ báńkì náà. Àkọ́kọ́: nínú èrè yín, èló ni ó ti ọwọ́ dọ́là wá, èló ni ó ti ọwọ́ ìjọba wá, èló ni ó sì ti ọwọ́ àwọn tí ẹ yá lówó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́? Èkejì: nínú àwọn tí ẹ yá lówó, mélòó ni kò san án? Ẹ̀kẹta: owó tuntun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, níbo ni ẹ fẹ́ gbé e lọ? Bí dọ́là bá dúró sójú kan, tí èlé bá sì wálẹ̀, bí kò ti ní ṣe kí ó má wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdáhùn wọ̀nyí ni yóò yà báńkì tí ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára báńkì tí òjò kàn rọ̀ sí lágbada.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ ra ìpín. Ìyókù wọ inú epo àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òun ni ó pinnu, kì í ṣe èmi. Ó ní òun ra díẹ̀ nítorí pé bí òun kò bá sí lára àwọn onílé, òun kò ní lẹ́nu láti béèrè. Ó ti fi ìwé-ẹ̀rí tuntun lé ti àtijọ́ lórí nínú àpótí.

Àwọn baba wa sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ikú kí ó yẹrí. Àwọn báńkì wa ti bá wa jẹ, wọ́n ti bá wa mu láti ìgbà kòkó títí di ìgbà fóònù. Ọdún 2025 ni wọ́n tún wá bá wa nínú ìsọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní owó bí ó bá wù wá, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè, ní gbangba, ibi tí òjò èrè wọn ti ń rọ̀, àti oko ẹni tí yóò bomi rin.